Ohun Tó Wà Nínú Àwòrán Afọ́jú

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ojú mi ló ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín yín tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí kà á, nítorí inú ń bí mi, n kò sì ní sùúrù fún ẹlẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Wọ́n ti ní kí n lọ sinmi. Wọ́n ti ní orí mi ti dàrú. Orí mi kò dàrú. Mo ní àbúrò kan.

Ọkùnrin ni. Ìyá kan náà, bàbá kan náà. Àṣá ni gbogbo wa ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí òun ló ń fò dúróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò gbé èèyàn, tí a fi ń yàwòrán láti òkè. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Bí oúnjẹ bá wà lẹ́nu rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́n, kó má jẹ́ èmi nìkan.

Ìràwọ̀ yíyà ni iṣẹ́ wa. A ó gbé kámẹ́rà ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a ó kọ ojú rẹ̀ sókè, a ó ṣí ojú náà sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ lè máa kán sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àṣá á wá gbé dúróònù rẹ̀ dìde pẹ̀lú iná kékeré lábẹ́ rẹ̀, á fi tan ìmọ́lẹ̀ sára òkúta tàbí igi tó wà nísàlẹ̀, kí àwòrán má bàa jẹ́ òkè nìkan. Ó dùn-ún wò. N kò ní purọ́ pé kò dùn-ún wò.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó bá la ojú sílẹ̀ pẹ́ nínú òkùnkùn a máa purọ́. Ẹni tó bá ti tẹjú mọ́ òkùnkùn rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Bó pẹ́ bó yá, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí rí ohun tí kò sí. Kámẹ́rà náà rí bẹ́ẹ̀. Á máa to àmì wínníwínní pupa àti búlúù síbi tí kò sí ìràwọ̀ kankan. Nítorí náà, bí a bá ti yà tán, a ó fi ìdérí bo ojú kámẹ́rà pa, a ó tún yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyẹn ni à ń pè ní àwòrán afọ́jú. Kò sí ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ju irọ́ kámẹ́rà lọ. A ó gbé e fún kọ̀ǹpútà, a ó sọ fún un pé ohunkóhun tó bá rí nínú afọ́jú yìí, kó yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó kù. Kọ̀ǹpútà kì í béèrè ìdí. Á yọ ọ́. Fífọ àwòrán ni à ń pe iṣẹ́ yẹn, gbogbo wa la sì ń ṣe é láìronú, bí ẹni ń fọ ẹnu láàárọ̀.

Ọ̀gá wa ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kíákíá. A kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Ọkùnrin yẹn lè fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, kó sì tún bá ọbẹ̀ jà pé ó jó òun lẹ́nu. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló ní kó bá wọn ya ojú ọ̀run tí wọ́n máa fi bo ògiri gbọ̀ngàn wọn látòkè délẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́ náà ló ti ń pariwo pé a ti pẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀ la lọ, lẹ́yìn ìlú, níbi tí iná títì kò dé. Wọ́n ti pa á tì tipẹ́. Ògiri òkúta funfun ga sókè níbẹ̀, kòtò ńlá sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Awakọ̀ tó gbé wa lọ kò sọ̀kalẹ̀. Ó ní òun kò ní ohun tí òun ń bá ìràwọ̀ ṣe, ìràwọ̀ náà kò sì ránṣẹ́ pe òun. Ó yí gíláàsì ọkọ̀ sókè, ó sì sùn lọ.

Òkùnkùn náà dáa fún iṣẹ́ wa. Ìrẹ̀ ń han yíká. Mo to kámẹ́rà, Àṣá gbé dúróònù rẹ̀ dìde. Ó ń kùn bí oyin. Iná kékeré náà ń lọ sókè, ó ń kéré, ó ń kéré sí i, ìró rẹ̀ sì ń bá a lọ.

Lẹ́yìn náà ìró náà dákẹ́. Kò rọlẹ̀ kó tó dákẹ́. Ó kàn dákẹ́ ni. Ìrẹ̀ náà dákẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ mi létí dákẹ́. Iná kékeré náà ṣì wà lókè, kò mì.

"Àǹtí," Àṣá pè mí.

"Hùn."

"Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tí mò ń wí nìyẹn."

Mo gbọ́ ọ bí ó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì. Mo gbọ́ ìka rẹ̀. Òkùnkùn yẹn dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ ìka rẹ̀.

"Mò ń fà á bọ̀. Kò wá."

"Ṣé bátìrì ti lọ ni?"

"Ó kún. Bó ṣe kún nígbà tí mo gbé e jáde nílé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì kún síbẹ̀."

A dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, iná náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀, láìdún, títí ó fi bà sí àtẹ́lẹwọ́ Àṣá. Bí ó ṣe bà sí i lọ́wọ́ ni gbogbo ìró padà lẹ́ẹ̀kan náà, ìrẹ̀, afẹ́fẹ́, àti ìhanrun awakọ̀ láti inú ọkọ̀. Àṣá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé inú rẹ̀.

Mo fi ìdérí bo ojú kámẹ́rà. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó há dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ àwòrán afọ́jú. Àṣá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ká apá dúróònù rẹ̀, mo ń gbọ́ òórùn òógùn rẹ̀. Kámẹ́rà ṣe kíláàkì. Àwòrán náà jáde lẹ́yìn rẹ̀ kí a lè wò ó.

Àbúrò mi wà nínú rẹ̀.

Ojú kámẹ́rà wà ní bíbò, òkè ló sì kọjú sí. Àbúrò mi wà nínú àwòrán náà, ó ń wò wá láti òkè, bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wo inú kànga. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere bí ọ̀sán. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Òun gan-an sì nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mú dúróònù lọ́wọ́.

Ó wò ó.

"Mo mà rẹwà o," ó ní.

N kò rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ ká tún un yà."

"Bátìrì kámẹ́rà ti tán, Àǹtí."

Lóòótọ́ ló tán. Ó kú mọ́ wa lọ́wọ́ bí a ṣe ń wò ó. A di ẹrù wa, a gba ọ̀nà ọkọ̀. Nígbà tí a sún mọ́ ọkọ̀, Àṣá dì mí lọ́wọ́ mú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn fọ nǹkan kan."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n fi fọ nǹkan kan."

Mo ṣèlérí fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi fúnra mi ni mo gbé káàdì kámẹ́rà lé orí tábìlì Ọ̀gá Kíákíá. Èmi fúnra mi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

"Ọ̀gá, ẹ má fọ èyí o. Afọ́jú rẹ̀ ò dáa. A máa padà lọ yà á lálẹ́ òní."

"Kí ló ṣe é?"

"Nǹkan wà nínú rẹ̀."

"Nǹkan máa ń wà nínú rẹ̀. Ìdí tá a fi ń yà á nìyẹn."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín."

"Ó dáa, ó dáa. Mo ti gbọ́."

Ó ní òun ti gbọ́. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn. Ọkùnrin yẹn wò mí lójú, ó ní òun ti gbọ́.

Mo gun òkè lọ sí yàrá ẹrù láti lọ fi bátìrì síná. Fèrèsé ibẹ̀ kọjú sí àgbàlá. Àṣá wà nísàlẹ̀, ó ń fi aṣọ nu eruku òkúta kúrò lára dúróònù, ó ń kọ orin kan tí kò mọ̀ tán. Ibi tí kò bá mọ̀, á fi hùn-ún hùn-ún dí i. Mo ń fi í rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Mo ní bí mo bá sọ̀kalẹ̀, màá ní kó yáa fi orin sílẹ̀ fún àwọn tí Ọlọ́run fún lóhùn.

Ó wà láàárín hùn-ún kan nígbà tó dákẹ́.

Kò rọlẹ̀ kó tó dákẹ́. N kò dúró tún yọjú lójú fèrèsé. Mo ti mọ̀. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Kò sí ẹnì kankan ní àgbàlá. Aṣọ tó fi ń nu dúróònù wà lórí okùn, ó gbẹ, ó le, bí ohun tí wọ́n ti sá síbẹ̀ láti ìjẹta. Dúróònù wà nínú àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá Kíákíá jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ ń dùn.

"Wá wo nǹkan!" ó ní. "Wá wò ó bó ṣe mọ́!"

"Àbúrò mi dà?"

"Àbúrò ta?"

"Ọ̀gá, ẹ má bá mi ṣeré."

"Èmi ló yẹ kí n bi ọ́ bóyá eré lò ń ṣe."

"Àṣá dà?"

"Àṣá wo? Adìẹ ta ló gbé?" Ó sì rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Mo bi í pé ta ló fò dúróònù lálẹ́ àná. Ó ní èmi ni. Ó ní ta ló tún máa jẹ́? Mo pe awakọ̀ wọlé, mo ní kó sọ iye ẹni tó gbé lọ. Awakọ̀ ń wo ojú mi, ó ń wo ojú Ọ̀gá.

"Ìwọ nìkan ni mo gbé lọ, ìwọ nìkan ni mo gbé bọ̀," ó ní. "Mo tiẹ̀ ń rò ó lọ́kàn pé obìnrin yìí láyà o, òun nìkan nínú òkùnkùn."

Inú bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo kọjú sí Ọ̀gá Kíákíá. "Mo ní kí o má fọ̀ ọ́. O ní o ti gbọ́. Kí lo gbọ́? Kí ni etí rẹ wà fún?" Ọkùnrin tó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí ni mo ń pè ní ìwọ báyìí, lójú awakọ̀. N kò tíì tọrọ àforíjì. N kò ní tọrọ rẹ̀.

"Àwọn ti àkọ́kọ́ ńkọ́, kó o tó fọ̀ wọ́n?"

"Mo ti pa wọ́n rẹ́. Kí lèèyàn ń fi ìdọ̀tí ṣe lẹ́yìn tó bá fọṣọ tán?"

Mo ní kó ṣí àwòrán afọ́jú náà. Ó ṣí i, ó ń mi orí. Òun àti awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n ní òkùnkùn ni, àti àmì wínníwínní bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi rí àbúrò mi. Ó wà níbẹ̀, ó ń wo ìsàlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là.

Mo mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Ilé ìyá wa ni àwa méjèèjì ń gbé. Yàrá tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún bí èèyàn bá wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ màmá ló wà níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀. Àjákù aṣọ kún ilẹ̀. Òwú ti há sínú ihò ilẹ̀, òwú àtọdúnmọ́dún, tí ìgbálẹ̀ kò lè yọ mọ́. Nínú fọ́tò tó wà lára ògiri, èmi àti màmá jókòó lórí àga gígùn, èmi ní igun kan, òun ní igun kejì. Àárín wa ṣófo. Ta ló ń jókòó báyẹn? Èèyàn méjì wo ló ń jókòó bẹ́ẹ̀ láti ya fọ́tò?

Màmá dé ẹ̀yìn mi. "Kí lò ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Àbúrò mi."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rí ojú mi, ó sì dákẹ́.

"Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ẹ ṣáà dá mi lóhùn."

"Ìwọ nìkan ni mo bí."

"Irọ́ ni!"

Mo sọ fún ìyá mi pé irọ́ ni. Ohùn mi dé òpópónà. Mo ka àbúrò mi fún un bí ẹni ń ka ẹjọ́: àpá tó wà ní orúnkún rẹ̀, bó ṣe ń sùn tẹ́sẹ̀ rẹ̀ á jáde nínú bẹ́ẹ̀dì, ọjọ́ tó fọ́ gíláàsì aládùúgbò tó sì ní ẹyẹ ni. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kúnlẹ̀, Màmá. Mo wà níbẹ̀ nígbà ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin lẹ gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, tẹ́ ẹ ní kí n di orí rẹ̀ mú."

Màmá jókòó sórí àga ìránṣọ rẹ̀.

"Gbogbo ilé bàbá rẹ ló fi mí ṣẹ̀sín," ó ní, "pé ọmọ kan ṣoṣo ló mọ nínú mi. Mo wá èkejì títí. Mo gbàdúrà títí ẹnu mi fi gbẹ. Mi ò mọ̀ pé inú ilé mi ni wọ́n á ti wá fi bú mi, pé ẹni tí mo bí náà ni yóò bú mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ìyá mi kì í sunkún. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Bí mo bá ní kó má bínú, pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ, mo ti sẹ́ àbúrò mi nìyẹn. Kò sì sí ẹlòmíràn láyé tí kò tíì sẹ́ ẹ. Mo dúró láàárín àjákù aṣọ, inú ń bí mi sí ẹni tó ń sunkún, inú ń bí mi sí ẹni tí kò sí. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo jáde.

Mo padà sí ibi iṣẹ́, mo gbé kámẹ́rà àti dúróònù. Ọ̀gá Kíákíá ní ta ló ní kí n gbé e. Mo wò ó. Ó yẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà.

Awakọ̀ ló gbé mi lọ. N kò bẹ̀ ẹ́, òun ló ní kí n wọlé. Kò dápàárá kankan títí a fi dé ibi òkúta. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà náà.

"Mi ò mọ ẹni tó ò ń wá," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí inú ṣe ń bí ọ yìí, ó ní láti jẹ́ ẹni gidi ni. Èèyàn kì í bínú báyìí nítorí ẹni tí kò sí. Màá dúró dè ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ rere tí mo gbọ́ láti àárọ̀.

Mo gbé dúróònù kalẹ̀ lórí òkúta. N kò fò ó rí ní gbogbo ayé mi. Àṣá kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, ó ní ọwọ́ mi wúwo. Mo mú ohun tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Àtàǹpàkò mi sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa tẹ̀, wọ́n mọ ìwọ̀n tí wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́. Dúróònù gbéra nílẹ̀ láìgbọ̀n. Gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó ìyẹn. Ohun tó gbé Àṣá lọ ń fi mí dí àyè rẹ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí rántí pé èmi ni mo máa ń fò ó, pé èmi nìkan ni mo máa ń wá. Mo bú àwọn àtàǹpàkò náà. Mo ń bú wọn, mo sì ń fò ó lọ sókè.

Ìró rẹ̀ lọ sókè. Ó dé ibì kan, ó dákẹ́. Ìrẹ̀ dákẹ́.

Mo fi ìdérí bo ojú kámẹ́rà pa. Mo yà á.

Ó wà níbẹ̀. Àbúrò mi wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sórí kànga yẹn, ó ń wò mí. Mo pariwo orúkọ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí ìyá wa sọ ọ́ tí kò mọ̀ mọ́. Ohùn mi kò lọ ibì kankan. Ó ṣubú síwájú mi níbẹ̀.

Mo tún yà á. Nínú èyí, ó ti yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tí n kò lè rí.

Mo tún yà á. Ó ń pariwo. Iṣan orí rẹ̀ yọ gbọ̀ọ̀rọ̀. Mo mọ ìbínú yẹn. Ìbínú ilé wa ni, èyí tí mo gbé ka ojú ara mi láti àárọ̀. Kì í ṣe èmi ló ń bá jà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí nǹkan kan níwájú rẹ̀, bí a ṣe ń fi ọwọ́ bo àtùpà kí afẹ́fẹ́ má pa á. Ọwọ́ ẹlòmíràn sì ti wọ inú àwòrán láti ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ ẹni tó ń kánjú ni. Ó na ìka, ó fẹ́ tẹ nǹkan.

Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Àbúrò mi kò sọnù sínú àwòrán wa. Ó wà níbi iṣẹ́ kan tó rí bíi tiwa, ó ń wo àwòrán afọ́jú kan, èmi ni mo sì wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọ̀ ọ́.

Mo tún yà á. Òkùnkùn ni. Òkùnkùn, àti àmì wínníwínní pupa àti búlúù.

Mo yà á títí bátìrì fi kú. Òkùnkùn náà ni. Ìrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí han padà, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo òkè, n kò rí iná dúróònù mọ́, kò sì bà sílẹ̀ níbì kankan.

Nígbà tí mo dé ibi tí awakọ̀ wà, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Ó ní òun máa dúró dè mí. Mo bú u dáadáa. Mo bú u láti ibi òkúta dé títì, mo sì bú u láti títì dé ìlú, nítorí ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín, ojúmọ́ sì ti mọ́ kí n tó rí òrùlé ilé wa.

Màmá wà níwájú ilé, ó ń gbálẹ̀. Bí mo ṣe rí i, gbogbo ìbínú mi sí i wálẹ̀. Mo ní màá kúnlẹ̀, màá ní kó má bínú. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi á ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti jẹun.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

Ó nà ró. Ó fún aṣọ tó ró mọ́ra.

"Ẹ káàárọ̀ o, àǹtí," ó ní. "Ta lẹ ń wá?"

Mo rò pé ìbínú àná ni. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí inú rẹ̀ kò bá dùn sí èèyàn, á máa fi ẹ̀yin pè é kó lè dùn ún.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lónìí."

"Ẹ má bínú. Ta lẹ ń wá?"

"Ọmọ yín ni mò ń wá!" Ohùn mi tún ti ga. "Ọmọ yín! Ọmọ tẹ́ ẹ bí!"

Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, eruku òkúta tó wà lára mi, omijé tó wà lójú mi. Inú kò bí i. Àánú mi ló ṣe é, àánú tí èèyàn máa ń ṣe ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ ṣi ilé ni," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Èmi ò bímọ rí."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀. Ó ní kí n dìde. Ó ní òun máa pe àwọn aládùúgbò. Mo ní kó pè wọ́n, kí gbogbo wọn wá. Mo ní n kò ní kúrò níbẹ̀.